Kí ló máa ń ṣẹ́kù lára ọmọ tó kọ́ ijó Bharatanatyam ní kékeré?

Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Aunty. Leicester la wà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, ní ọ̀rẹ́ kan ní sùkúù tí àwọn òbí ẹ̀ wá láti Íńdíà. Gbogbo Sátidé ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ yìí ń lọ kọ́ ijó kan tí wọ́n ń pè ní Bharatanatyam. Ọmọ mi bá a lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, látìgbà yẹn kò jẹ́ ká sinmi, ó lóun náà fẹ́ kọ́ ọ. Bàbá ẹ̀ ń bi mí pé ṣé ijó ló máa fi jẹun ni. Èmi ní tèmi, Kristẹni ni wá, ère kan tí mo rí ní igun kíláàsì yẹn ló ń kọ mí lóminú. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin kọ́ ọ láti kékeré. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ṣẹ́kù lára yín nínú ẹ̀ lónìí?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Olúwa á dá a sí fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ìdáhùn yìí tí mo tún pa á rẹ́, torí mi ò fẹ́ sọ èyí tí gbogbo èèyàn máa ń sọ, pé ijó ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ràn, pé ó ń jẹ́ kó láyà. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ ọ́ nípa karate, ẹ lè sọ ọ́ nípa pìánò. Ẹ̀yin béèrè ohun tó ṣẹ́kù lára mi, ìyẹn gba kí n jókòó wo ara mi dáadáa.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: ọmọ ọdún 8 ni mí ní 1989 nígbà tí iṣẹ́ bàbá mi gbé wa láti Ìbàdàn lọ sí Madras, olú ìlú Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà, a wà níbẹ̀ títí di 1996, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yí orúkọ ìlú náà padà sí Chennai. Àdúgbò Mylapore la gbé, níbi tí tẹ́ḿpìlì Kapaleeshwarar wà. Tíṣà ijó kan ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tá a rẹ́ǹtì, tó bá ti di aago 4 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ báyìí, ìró àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, pá, pá, pá, èmi á dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lókè, mo á fi etí mọ́lẹ̀ mo á máa kà á. Màmá mi ló ṣàkíyèsí pé mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí kí n tó gbọ́ èdè Tamil ọ̀rọ̀ kan, ló bá fà mí lọ́wọ́ ó di ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. London ni mo wà báyìí, iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, orúnkún àti ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni mò ń tọ́jú láti Mọ́ńdè dé Fráídè, tó bá di Sátidé mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ijó kan náà yìí.

Ìdúró kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Aramandi lorúkọ ẹ̀, ìjókòó tí ò parí ni ká pè é. Gìgísẹ̀ méjèèjì á kanra, ìka ẹsẹ̀ á kọjú síta lọ́tùn-ún lósì, orúnkún á tẹ̀ síta, ẹ̀yìn á nà ṣánṣán, tẹ́ ẹ bá wò ó láti ọ̀ọ́kán ẹ máa rí ẹsẹ̀ méjèèjì bíi dáyámọ́ńdì. Ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ ti ń kà á yìí kí ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi wà lórí ìyẹn àti ìgbẹ́sẹ̀ tó rọrùn jù tí wọ́n ń pè ní tattadavu. Tíṣà mi á jókòó sílẹ̀, igi kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń fi na pákó tó wà níwájú ẹ̀, á máa pè é lẹ́nu, tei ya tei, tei ya tei, àwa ń gbé ẹsẹ̀ a ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Tí itan ẹnì kan bá ti ń rẹ̀ ẹ́ tí orí ẹ̀ wá ń ga sókè díẹ̀díẹ̀, kò ní dá igi yẹn dúró, á kàn wò ẹ́, wàá mọ̀ pé o gbọ́dọ̀ padà sísàlẹ̀. Ohun tó wá le jù níbẹ̀ ni ojú. Itan ń jó ẹ bí iná, ṣùgbọ́n ojú ẹ gbọ́dọ̀ dà bí ojú ẹni tí àlejò tó fẹ́ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ̀ wá. Àwa ọmọdé ò mọ ìdí. Mo rò pé oge lásán ni.

Àgbà ni mo tó mọ̀. Màmá mi ṣàìsàn fún ọdún 2 kí wọ́n tó lọ, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Àìsàn tó pẹ́ kò dà bí jàǹbá tí ọkàn máa gbóná sí tí á sì tán, ó dà bí ìdúró yẹn gan-an ni, kò sí ibi tó fẹ́ sáré lọ, kò sí ohun tó fẹ́ ṣe ju pé kó o wà níbẹ̀ lọ, kí ojú ẹ sì tutù torí ojú ẹ ni aláìsàn ń wò láti mọ bí ara òun ṣe rí. Ọjọ́ kan tí mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo kíyè sí i pé bí mo ṣe ń mí nínú aramandi ni mò ń mí, pé ara mi ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́, ọmọ ọdún 8 ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Mi ò lè sọ fún yín pé ijó ló mú mi lágbára. Mo lè sọ pé nígbà tí inira tí ò ní sáré tán dé, kò bá ara mi ní àjèjì.

Ohun kejì tó ṣẹ́kù ni ìyára mẹ́ta. Gbogbo ìgbẹ́sẹ̀, adavu ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyára mẹ́ta lo máa fi ṣe é: àkọ́kọ́ á falẹ̀, ìkejì á yá ní ìlọ́po méjì ìyẹn, ìkẹta á tún yá ní ìlọ́po méjì ìkejì, ìlù ò sì ní yí padà, ẹsẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ sí i. Gbogbo ọmọ ló ń kánjú àtidé ìkẹta torí ibẹ̀ ló dùn wò, ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti jó o fún ọdún 10, á sọ fún yín pé àkọ́kọ́ ló le. Tó o bá ń yára, àṣìṣe ẹ ń sá pamọ́ sínú eré, kò sẹ́ni tó máa rí i pé ọwọ́ òsì ẹ wọlẹ̀ tàbí pé o ò jókòó tó, ṣùgbọ́n tó bá falẹ̀, gbogbo nǹkan ló hàn síta, o ò ní ibi tó o máa gbé e pamọ́ sí. Tíṣà mi máa ń ní kí ẹni tó ń yangàn jùlọ nínú wa padà sí ìyára àkọ́kọ́, òun nìkan, kí gbogbo kíláàsì jókòó wò ó. Kò bú ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí mò ń ṣe fún àwọn tí mò ń tọ́jú lónìí náà nìyẹn: bàbá kan á sọ pé òun ti lè dìde lórí àga, á fò dìde fìì kí n lè rí i, mo á ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà jókòó, ẹ dìde kí n kà dé 8. Ibẹ̀ ni orúnkún tó ń sá iṣẹ́ ti máa ń fi ara ẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ìlù, torí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá lẹ máa gbádùn ẹ̀. Àwọn onílù tiwa, ìlù wọn ń sọ̀rọ̀, dùndún á kì ẹ́, á pè ẹ́ lórúkọ, ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, àwọn onílù bàtá tún ní ẹnà tí wọ́n ń fi ẹnu pe ohun tí ọwọ́ ń lù. Ní Tamil Nadu náà, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ ìlù, kó o tó fi ẹsẹ̀ ṣe é wàá kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n sollukattu tiwọn, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn sílébù yẹn, kò ní ìtumọ̀ bí ọ̀rọ̀, ìṣirò ni. Ta-ki-ta, 3 nìyẹn. Ta-ka-di-mi, 4. Ta-ka-ta-ki-ta, 5. Ta-ki-ta-ta-ka-di-mi, 7. Àpapọ̀ 4 àti 5 á fún ẹ ní 9. Márùn-ún yìí ni wọ́n ń pò pọ̀ lóríṣiríṣi, tí wọ́n ń kó sínú ìlù bíi adi tala tó jẹ́ 8: pàtẹ́wọ́, fi ìka kékeré kà, èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó tún tẹ̀ lé e, pàtẹ́wọ́, yí ọwọ́ sókè, pàtẹ́wọ́, yí ọwọ́ sókè. Bí o bá ń fi 5 rìn nínú 8, ẹsẹ̀ ẹ á máa bọ́ síbi tí etí ò retí, á dà bíi pé o ti sọnù, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ á padà bọ́ sórí ìkínní lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní samam, àwọn èèyàn á kígbe. Mo kọ́ ìlọ́po lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó kọ́ mi ní sùkúù, nígbà tí tíṣà ìṣirò wa wá ń ṣàlàyé ìlọ́po tó kéré jù tí 5 àti 8 jọ ní, mo ti mọ̀ pé 40 ni, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún 12 ni mí tí mo fi sọnù lórí sítéèjì. Jatiswaram là ń jó, ijó tí ò ní ọ̀rọ̀ orin nínú, àwa 4, èmi ni mo wà lápá ọ̀tún. Ohun kan kàn kúrò lórí mi, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ẹsẹ̀ àwọn yòókù ń lọ, tèmi ò mọ ibi tó ń lọ mọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ sá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Tíṣà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítéèjì pẹ̀lú agogo idẹ kéékèèké méjì tí wọ́n fi ń darí ijó, òun ló ń pe àwọn sílébù yẹn, kò wò mí, ohùn ẹ̀ ò yí padà, àmọ́ ó tẹ ẹnu mọ́ ìkínní díẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ti tó. Mo dúró nínú aramandi, mo fi ọwọ́ sí àyà, mo rẹ́rìn-ín, mo ń ka ìlù, nígbà tí ìkínní tún yí dé mo wọlé pẹ̀lú wọn. Bàbá mi tó wà ní ìlà kejì sọ nígbà tá a dé ilé pé ibi tí mo ti dúró jẹ́ẹ́ yẹn ló dùn mọ́ òun jù. Látìgbà yẹn, tí ọ̀rọ̀ bá dàrú mọ́ mi lójú níbi iṣẹ́, tí mo ṣi gbólóhùn sọ níwájú àwọn ọ̀gá, mi ò kì í sáré lé ohun tó ti kọjá, mo máa ń dúró de ìkínní tó ń bọ̀. Ó máa ń bọ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀ka kejì ijó náà ni abhinaya, ibi tí èèyàn ti ń fi ojú, ọwọ́ àti gbogbo ara sọ ìtàn. Ìwé àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Abhinaya Darpana, ó to ọ̀nà 28 tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè gbà sọ̀rọ̀, àwa ọmọdé máa ń kà á sókè bí ìgbà tí wọ́n ń ka tébù ìsọdipúpọ̀, pataka, tripataka, ardhapataka, ọwọ́ ń yí bẹ́nu ṣe ń lọ. Inú ìwé yẹn náà ni ọ̀rọ̀ wà pé ibi tí ọwọ́ lọ ni kí ojú lọ, ibi tí ojú lọ ni kí ọkàn lọ. Gbogbo onijó Bharatanatyam ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ọmọ yín nígbà tó bá ń fi fóònù hàn yín ní nǹkan kan, ẹ máa rí i pé ọwọ́ ẹ̀ wà níbì kan, ojú ẹ̀ ti wà níbòmíì. Ìgbà wo lèèyàn máa ń kọ́ láti kó ara ẹ̀ jọ síbì kan? Èmi níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, kò sì tíì kúrò, tí mo bá gbé ọwọ́ lé orúnkún ẹnì kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, ojú mi ń bẹ níbẹ̀, èmi náà ń bẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó yí mi padà jù nínú abhinaya ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo èèyàn inú ìtàn. Wọ́n fún mi ní ìtàn Yashoda àti Krishna, ìtàn tí ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ bí àwa ṣe mọ ti ìjàpá. Ọmọ yẹn jẹ erùpẹ̀, ìyá ẹ̀ bínú, ó ní kó la ẹnu, ọmọ la ẹnu, ìyá rí gbogbo ayé àti ọ̀run nínú ẹnu ọmọ òun. Èmi ni ìyá, mo yí èjìká díẹ̀ sápá kejì, mo rẹ ara mi sílẹ̀, mo di ọmọ. Mo mọ bí mo ṣe máa ṣe ọmọ náà, ó rọrùn. Ìbínú ìyá ni mi ò lè ṣe, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe é ó máa ń dà bí ìyá burúkú. Tíṣà mi ní kí n lọ sílé lọ wo màmá mi. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan wò wọ́n. Mo rí i pé tí wọ́n bá fẹ́ bá mi wí, ọwọ́ wọn máa ń kọ́kọ́ ṣe bíi pé ó fẹ́ gbá mi mọ́ra, lẹ́yìn náà ni á wá di ìka tí wọ́n nà sí mi. Mo gbé ìyẹn lọ sí kíláàsì, tíṣà mi gbé igi sílẹ̀, ó ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 13 ni mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo wo ìbínú màmá mi láti inú lọ́hùn-ún. Títí dòní tí èmi àti ọkọ mi bá ní gbọ́nmi-sí-i omi-ò-tó-o, mo ṣì máa ń ṣe é, mo máa ń yí èjìká sápá kejì nínú ọkàn mi, mo á dúró síbi tó dúró sí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń parí ìjà o, ṣùgbọ́n mo máa ń rí ohun tó ń wò.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí tíṣà mi ò kọ́ mi, àgbà ni mo fúnra mi kà á. Wọ́n sọ fún àwa ọmọdé pé ijó yìí ti wà láti ayébáyé, pé mímọ́ ni, ó parí síbẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní devadasi, àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún tẹ́ḿpìlì, ló ni ijó yìí, sadir ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, wọ́n ń jó o ní tẹ́ḿpìlì àti ní ààfin. Àwọn ọkùnrin ìdílé kan náà ni tíṣà àti onílù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ní ààfin Thanjavur, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin kan, Chinnayya, Ponnayya, Sivanandam àti Vadivelu, ló to bí eré náà ṣe ń tẹ̀ léra láti alarippu, ijó ìbẹ̀rẹ̀, títí dé tillana, ijó ìparí, bí ọmọ yín bá pẹ́ nínú ẹ̀ ètò wọn náà ló máa tọ̀. Lẹ́yìn náà àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn obìnrin yẹn ní aṣẹ́wó, ìjà ńlá dé, òfin tó fòpin sí yíyà àwọn ọmọbìnrin sọ́tọ̀ fún tẹ́ḿpìlì jáde ní Madras ní 1947. Láàárín ìgbà tí ìjà yẹn ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ìdílé ńlá, àwọn Brahmin tí ipò wọn ga jù láàárín àwọn Híńdù, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ijó náà, Rukmini Devi Arundale jó o ní gbangba ní 1935, ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Kalakshetra sílẹ̀ ní 1936, orúkọ tuntun, Bharatanatyam, wá mọ́ ijó náà lára. Ó ṣe iṣẹ́ ribiribi, mi ò ní bu iyì ẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n Balasaraswati, tó wá láti ìdílé devadasi gan-an, tó ti ń jó lórí sítéèjì láti ọmọ ọdún 7, ò gbà pé ijó náà nílò ẹni tó máa fọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ní kó kúrò, orin ìfẹ́ láàárín obìnrin àti olùfẹ́ ẹ̀, òun ní ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ijó náà wà. Ọ̀dọ̀ Balasaraswati ni mo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo kà á, inú mi bàjẹ́ pé mo fi ọdún 7 jó ohun ìní àwọn obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn fún mi. Nínú kíláàsì tèmi báyìí, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ àwọn obìnrin yìí la ti gbà á, mo ń sọ ọ́ lọ́nà tí ọmọdé máa gbọ́. Ó ti di ìwà mi, ohunkóhun tó bá dára tí wọ́n bá gbé fún mi, mo máa ń béèrè ọwọ́ ta ló ti wá.

Ó kan ti ère. Mi ò ní tàn yín pé eré ìdárayá lásán ni. Ère tẹ́ ẹ rí yẹn, tó bá jẹ́ ọkùnrin tó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè láàárín òrùka iná, Nataraja ni, Shiva tó ń jó, ọ̀pọ̀ orin inú Bharatanatyam sì jẹ́ ti ìfọkànsìn sí àwọn òrìṣà wọn. Ìjọ Methodist ni màmá mi, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ bá tíṣà mi, wọ́n béèrè lójú ara wọn ohun tó jẹ́ ìjọsìn níbẹ̀ àti ohun tó jẹ́ ijó. Tíṣà mi ní ẹni tí kò bá fẹ́ bá òun kí ère lè dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n namaskaram ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, ìyẹn kíkí ilẹ̀ kó o tó fi ẹsẹ̀ lù ú: wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá fọwọ́ kan ilẹ̀, wàá fi kan ojú, wàá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ torí ìyà tó o fẹ́ fi jẹ ẹ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn òṣèré tiwa náà ń jùbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀ nìyẹn. Àwọn Kristẹni Íńdíà fúnra wọn ti wọ inú ijó yìí tipẹ́, ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Tiruchirappalli tó ń jẹ́ Kalai Kaviri, àwọn Kátólíìkì ló dá a sílẹ̀, Francis Barboza tó jẹ́ fadá nígbà náà sì jó Bharatanatyam lórí àwọn ìtàn Bíbélì, ó tún ṣẹ̀dá ìfọwọ́sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ lẹ máa mọ ibi tí ẹ máa dúró sí, ṣùgbọ́n ẹ lọ bá tíṣà náà sọ̀rọ̀ kó tó di pé ẹ fi ìbẹ̀rù pinnu.

Fún bàbá ẹ̀: rárá sà, kò dájú pé ó máa fi jẹun, àwọn tó ń fi jẹun ò pọ̀, kódà ní Chennai. Ẹ sì tètè mọ̀ nípa arangetram, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ máa dá gbé gbogbo eré ró lóun nìkan, ó lè tó wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Nílùú Ọba àti Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé kan ti sọ ọ́ di ìnáwó bí ìgbéyàwó, họ́ọ̀lù, àwọn olórin láti Íńdíà, aṣọ sílíìkì lóríṣiríṣi, oúnjẹ. Kò pọn dandan. Èmi ò ṣe arangetram, a ti kúrò ní Madras kó tó kàn mí, gbogbo ohun tí mo sì kọ síbí yìí ló ṣẹ́kù lára mi.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí náà. Níbi ayẹyẹ kan, ẹni tó ń kun wá lójú fi páúdà tó funfun ju ara mi lọ kùn mí dé ọrùn, ó ní kí iná sítéèjì lè mú mi dáadáa. Màmá mi dé ẹ̀yìn sítéèjì, wọn ò pariwo, wọ́n bu omi, wọ́n fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n ní ojú ọmọ wọn náà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe páúdà. Ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, kí ẹ ra páúdà tó bá àwọ̀ ọmọ yín mu, kó wà nínú báàgì ẹ̀. Irun náà, wọ́n máa ń so ìdì irun gígùn mọ́ ẹ̀yìn orí, kòlẹ́sẹ̀ tí wọ́n dì dáadáa ló ń gbé e dúró jù, mo ti gbìyànjú gbogbo ẹ̀.

Torí iṣẹ́ mi, mi ò lè má sọ ti orúnkún. Láti oríkèé ìbàdí ni yíyí ẹsẹ̀ síta ti ń wá, ibi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ni orúnkún gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ọmọ tó bá fi ipá yí ìka ẹsẹ̀ síta tí orúnkún ẹ̀ wá ń wo iwájú, oríkèé ló ń fi ṣòfò. Tíṣà tó dáa á jẹ́ kó yí i síta níwọ̀nba tí ìbàdí ẹ̀ bá gbà. Ẹ wo ilẹ̀ kíláàsì náà: pákó tó ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ló dáa, kọ́ńkéré tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé ò dáa fún lílu ẹsẹ̀ bàtà-ò-sí fún wákàtí kan. Kí itan máa ro ó lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ò burú, iṣan ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ inú orúnkún tàbí egungun ojúgun ló ń dùn ún, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó sinmi, kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mo á lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì yẹn fún wákàtí kan ní Sátidé tó ń bọ̀ kí n tó san owó kankan. Mi ò ní wo àwọn tó mọ̀ ọ́n jó. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rárá ni mo á máa wò, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kọ, bí tíṣà ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, bóyá ó ń dúró dè é kó tún dé ìkínní àbí ńṣe ló ń fi í ṣẹ̀sín. Tí ibẹ̀ bá dáa, ẹ fi í síbẹ̀ fún oṣù 6. Inú ilé yín máa pariwo o, torí kò ní fẹ́ dákẹ́ ẹsẹ̀, á máa lu ilẹ̀ níbi tó ti ń fọ eyín, á máa fi ìka ka 8 lórí tábìlì oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá ní aládùúgbò nísàlẹ̀, ẹ tètè lọ kí wọn.